Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Aigues-Mortes, Èbúté Ọba Tí Kò Sí Létí Òkun

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo rí àwòrán ìlú Aigues-Mortes ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, tí odi òkúta yí ká pátápátá, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èbúté ọba ni nígbà kan rí. Nígbà tí mo wá wo àwòrán ilẹ̀, mo rí i pé ìlú náà kò sí létí òkun rárá. Ṣé òkun ló sún kúrò níbẹ̀ ni? Kí ló sì dé tí odi rẹ̀ fi dúró lódidi, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti wó? — *Òǹkàwé yín láti Àjàṣẹ́*

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé ìgbì òkun máa ń gbá ara odi Aigues-Mortes láyé àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó ni ọ̀sà àti irà ti wà láàárín rẹ̀ àti Òkun Mẹditaréníà, ọkọ̀ sì ní láti gba ojú omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ kọjá kó tó gúnlẹ̀. Le Grau-du-Roi, tó wà létí òkun gan-an lónìí, tó nǹkan bíi kìlómítà 6 sí odi náà.

Ohun tó gbé ọba dé irú ibẹ̀ ni pé kò ní ibòmíràn. Louis kẹsàn-án ń múra láti lọ ja ogun ìsìn ní ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ọba Faransé kò ní èbúté tirẹ̀ kankan lórí òkun yẹn: Provence ni Marseille wà, Provence kò sì tíì di ti Faransé, ọba Aragon ló sì ni Montpellier. Ló bá gba ilẹ̀ iyanrìn kan lọ́wọ́ àwọn mọ́ǹkì ilé ìsìn Psalmody, ní apá ìwọ̀-oòrùn ibi tí Odò Rhône ti ń pín wọ inú òkun. Ta ni yóò fínnúfíndọ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ sáàárín irà àti ẹ̀fọn? Nítorí náà ni ọba ṣe fún àwọn ará ìlú náà ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1246, tó fi yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ owó orí fún wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1248, ọba àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣíkọ̀ níbẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Ó tún ṣíkọ̀ níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1270, ó forí lé Túnísì, àìsàn sì pa á lọ́hùn-ún kí oṣù Kẹjọ tó parí.

Ọba yìí kò fojú rí odi tí ẹ rí nínú àwòrán. Ilé-ìṣọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní Constance, tí wọ́n máa ń tan iná sórí rẹ̀ láti fi ọ̀nà han àwọn atukọ̀, ni iṣẹ́ ayé tirẹ̀. Philippe kẹta, ọmọ rẹ̀, ló gbé iṣẹ́ odi fún Guglielmo Boccanegra, ará Genoa, ní ọdún 1272, ó sì di ayé Philippe kẹrin kí iṣẹ́ náà tó parí. Odi ọ̀hún lé ní mítà 1,600 yíká, ó ga tó mítà 11, àwọn òpópónà inú rẹ̀ sì tọ́ gbọọrọ bí ẹni fi okùn wọ̀n wọ́n.

Ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí Odò Rhône ń gbé wá kò jẹ́ kí èbúté náà gbádùn. Bí wọ́n ti ń kó o ló ń padà dí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìṣèlú ló ṣe é léṣe ju ẹrẹ̀ lọ. Nígbà tí Provence bọ́ sọ́wọ́ ọba Faransé ní ọdún 1481, tòun ti Marseille, kí ni ọba tún fẹ́ máa náwó sórí irà sí? Èbúté Sète tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1666 ló wá gba ìwọ̀nba ọjà tó kù. Ìlú tí kò lówó, tí kò gbòòrò, tí irà sì yí ká, kò ní ìdí láti wó odi rẹ̀ kí ilé lè ráyè, bí àwọn ìlú ńlá ti ṣe nígbà tó yá.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n há àwọn obìnrin mọ́ ilé-ìṣọ́ kan ní ìlú yìí nítorí ẹ̀sìn? — *Òǹkàwé kan, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, inú ilé-ìṣọ́ Constance yẹn náà sì ni. Lẹ́yìn tí Ọba Louis kẹrìnlá fagi lé òfin Nantes, tó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, ní ọdún 1685, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì ní Faransé. Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó síbẹ̀, títí Abraham Mazel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 16 fi yọ òkúta kan lára ògiri, tí wọ́n sì fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sá lọ ní ọdún 1705. Lẹ́yìn náà ló wá di ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin.

Olókìkí jù lọ nínú wọn ni Marie Durand, tí wọ́n mú ní ọdún 1730 nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Pierre, jẹ́ oníwàásù. Wọ́n so Pierre kọ́ ní Montpellier ní ọdún 1732. Ọdún 38 gbáko ni Marie lò láàárín ògiri tó nípọn tó mítà 6, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá sọ pé òun fi ẹ̀sìn òun sílẹ̀ ni wọn ì bá ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ó máa ń kọ lẹ́tà síta, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún oúnjẹ àti aṣọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn lẹ́tà náà sì wà títí dòní. Lórí òkúta tó yí ihò àárín ilẹ̀ yàrá òkè ká, ẹnìkan họ ọ̀rọ̀ kan tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n má juwọ́ sílẹ̀. Marie ni aráyé ń sọ pé ó họ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orúkọ níbẹ̀. Ní ọdún 1768, ọmọ aládé Beauvau, tó ń ṣàkóso agbègbè Languedoc, ló tú u sílẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ lónìí? — *Òǹkàwé kan náà*

Ìdáhùn: Iyọ̀, wáìnì àti àlejò. Iyọ̀ ṣáájú ìlú náà débẹ̀: wọ́n ń darí omi òkun sínú adágún tó tẹ́jú tí kò jìn, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á fà á gbẹ, wọn á sì wa iyọ̀ tó ṣẹ́kù jọ bí òkè. Iṣẹ́ agbára ni kí ẹ̀rọ tó dé, ìdíje lórí rẹ̀ ló sì fa ìpànìyàn oṣù Kẹjọ ọdún 1893, nígbà tí àwọn èèyàn dìde sí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Ítálì. Òkú 8 ni ìjọba kà. Ilé ẹjọ́ ní Angoulême dá gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Àwọn adágún náà wà lẹ́yìn odi ní apá gúúsù, àlejò tó bá sì gun orí odi nígbà ooru yóò rí i pé omi wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, nítorí ewédò tíntìntín tó máa ń gbilẹ̀ nínú iyọ̀.