Ṣé dandan ni kí olùwádìí sanwó kí gbogbo ènìyàn tó lè ka iṣẹ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Olùkọ́ fásitì ni mí. Mo ṣe ìwádìí lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ṣe ń fi fídíò àti ìdánwò kéékèèké orí fóònù kọ́ ìṣirò. Jọ́nà kan ti gba àpilẹ̀kọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́, màá san owó tí agbára mi kò ká. Jọ́nà mìíràn kọ̀wé sí mi pé àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní owó pọ́ọ́kú. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n kàn gbé e sórí ìkànnì àwọn olùwádìí, òmíràn sì ní wọn yóò jí i. Àwọn olùkọ́ ni mo ṣe iṣẹ́ yìí fún. Jọ́nà wo ni kí n sanwó fún kí ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ilé-ìkówèésí fásitì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí mo ti ń gba àpilẹ̀kọ àwọn olùwádìí wọlé sínú àká iṣẹ́ ìwádìí, ìyẹn ibi tí fásitì ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Irú ìbéèrè yìí kì í wọ́n níwájú mi, ohun kan náà ló sì máa ń dùn mí nínú rẹ̀: ẹni tó ń béèrè ti gbà tẹ́lẹ̀ pé láìsí owó, iṣẹ́ ìwádìí kò lè di ti gbogbo ènìyàn, ó wá ku kí ó mọ ẹni tí yóò san án fún. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ lè jẹ́ kí jọ́nà tó ti gba iṣẹ́ yín tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ má san owó kankan, kí àwọn olùkọ́ tí ẹ ń wí sì rí i kà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ kan, lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Budapest, gbé ìwé ìpè kan jáde pé kí iṣẹ́ ìwádìí wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ nínú rẹ̀. Èkíní, tí wọ́n fi ṣíwájú, ni pé kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ fi ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò sínú àká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni pé kí a dá àwọn jọ́nà tuntun sílẹ̀ tí kò ní máa gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé. Kò sí owó òǹkọ̀wé kankan nínú ọ̀nà kìíní. Àwọn onímọ̀ físíìsì tilẹ̀ ti ń tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1991, nígbà tí Paul Ginsparg, ọ̀kan lára wọn, dá àká iṣẹ́ ìwádìí tí a mọ̀ sí arXiv lónìí sílẹ̀, àwọn jọ́nà wọn kò sì kógbá sílé nítorí rẹ̀. Inú ọ̀nà kejì ni àṣà gbígba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ti gbilẹ̀, ariwo owó náà sì pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ olùwádìí kò gbọ́ nípa ọ̀nà kìíní rí.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó jọ pé jọ́nà yín wà lára àwọn tí owó ń wọlé fún lọ́nà méjì: àwọn ilé-ìkówèésí ń sanwó kí àwọn ènìyàn wọn lè kà á, òǹkọ̀wé tó bá sì fẹ́ lè sanwó kí àpilẹ̀kọ tirẹ̀ nìkan wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Orí irú ètò yìí ni Computers & Education àti British Journal of Educational Technology wà, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn jọ́nà tí a mọ̀ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ń ràn lọ́wọ́. Bí ẹ bá sọ fún jọ́nà bẹ́ẹ̀ pé ẹ kò ní sanwó, wọn kò ní tìtorí rẹ̀ dá iṣẹ́ yín padà. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹni tí ilé-ìkówèésí rẹ̀ kò bá sì san àsansílẹ̀ kò ní lè ka ẹ̀dà tó wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ̀dà tó wà lórí ìkànnì wọn ni mo wí o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà tó wà láyé. (Àwọn jọ́nà kan wà tí gbogbo òǹkọ̀wé wọn gbọ́dọ̀ sanwó, ìyẹn yàtọ̀, inú ìlànà wọn ni ẹ ó sì ti rí i kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́.)

Ẹ ṣí fódà iṣẹ́ yín lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí fáìlì mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Èkíní ni èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni èyí tí ẹ ti tún ṣe gẹ́gẹ́ bí àwọn ayẹ̀wéwò ṣe ní kí ẹ ṣe, tí olóòtú wá kọ̀wé pé òun gbà á. Fáìlì Word lásán ni, kò ní àmì jọ́nà lára, kò ní nọ́ńbà ojú ìwé tiwọn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tò dáadáa, tí ó ní orúkọ jọ́nà lókè, ọ̀wọ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà ojú ìwé. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n ń tà, òun sì ni wọ́n sábà máa ń kọ̀ pé kí ẹ má pín káàkiri. Èkejì ni mò ń wá lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé, àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé sì gbà kí òǹkọ̀wé fi í sínú àká fásitì rẹ̀. Ó máa ń ká mi lára nígbà tí olùwádìí bá sọ fún mi pé òun ti pa á rẹ́ nítorí pé "èyí tó rẹwà ti jáde." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á rẹ́.

Ìgbà tí a lè ṣí i sílẹ̀ ni ó yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Sage àti Emerald gbà kí ẹ fi ẹ̀dà kejì yìí síta láìdúró. Àwọn mìíràn ń béèrè àkókò ìdádúró, tí oṣù 12 sí 24 wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín àkókò náà a lè gbà á wọlé sínú àká kí a sì tì í pa, kí ó ṣí fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá yẹ. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Open Policy Finder, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sherpa Romeo tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni; bí ẹ bá tẹ orúkọ jọ́nà yín síbẹ̀, yóò sọ ẹ̀dà tí wọ́n gbà láàyè àti iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi dúró fún yín. Ṣùgbọ́n kí n sọ èyí kedere: àwọn ìlànà wọ̀nyí ń yí padà, èmi kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ló borí ohunkóhun tí mo kọ síbí. Ẹ wá ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ tó kù sọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kí ẹ kà á dé òpin. Ó tún yẹ kí ẹ béèrè bóyá fásitì yín ní ìlànà tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé láti ọdún 2008 tí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti sáyẹ́ǹsì ní Harvard ti dìbò pé fásitì wọn yóò ní àṣẹ láti pín àpilẹ̀kọ wọn, ọ̀pọ̀ fásitì ló ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ní ti jọ́nà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ má dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta yóò kà tọkàntọkàn, tí wọn yóò sọ àṣìṣe inú rẹ̀, tí ẹ ó sì tún un ṣe, kì í parí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ímeèlì tó kún fún oríyìn, àkòrí iṣẹ́ yín tí wọ́n dà kọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, owó tí ó máa ń ga sókè lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà, àti ìhalẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ mú iṣẹ́ yín kúrò. Ẹ̀tàn gbáà ni. Bí iṣẹ́ yín bá sì ti jáde níbẹ̀, jọ́nà gidi kò ní gbà á mọ́, nítorí pé iṣẹ́ tí a ti tẹ̀ jáde ni. Ibi tí ẹ lè kọ́kọ́ wò ni DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tó ṣí sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Fásitì Lund ní Sweden ní ọdún 2003. Ó ju ìdajì àwọn jọ́nà inú rẹ̀ lọ tí kì í gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Nínú irú ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ṣèwádìí lé lórí yìí, IRRODL, jọ́nà lórí ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn tí Fásitì Athabasca ní Kánádà ń tẹ̀ jáde láti ọdún 2000 jẹ́ ọ̀kan lára wọn: òǹkọ̀wé kì í sanwó, òǹkàwé kì í sanwó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún iṣẹ́ tó ń bọ̀.

Ẹlẹgbẹ́ yín tó ní kí ẹ gbé e sórí ìkànnì àwọn olùwádìí kò fẹ́ yín níbi, àmọ́ ìkànnì àdáni ni wọ́n, wọn kì í ṣe àká. Ní ọdún 2017, àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé méjì gbé ResearchGate, ọ̀kan lára irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, lọ sí kóòtù ní Jámánì lórí irú fáìlì ẹ̀kẹta tí àwọn òǹkọ̀wé ń gbé síbẹ̀. Ẹ lè fi ìlìǹkì àká yín síbẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ní ti olè, iṣẹ́ tó wà nínú àká pẹ̀lú orúkọ yín àti ọjọ́ tó wọlé lára rẹ̀ ni ó ṣòro jù láti jí. Èyí tó ń lọ kiri nínú ímeèlì ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò béèrè, tó sì ṣe pàtàkì ju owó lọ. Àpilẹ̀kọ nìkan kò tó olùkọ́ tó fẹ́ lo ohun tí ẹ rí. Láti ọdún 1983 ni Richard Clark, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, ti ń jiyàn pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀wé, bí kò ṣe ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ. Àwọn kan kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n iyàn náà fi hàn pé "a lo fídíò" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Báwo ni fídíò kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó? Ṣé ìdánwò náà ń sọ ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kùnà, àbí máàkì nìkan ló ń fún un? Ẹ fi àwọn ìbéèrè ìdánwò náà àti ìtọ́sọ́nà tí ẹ fún àwọn olùkọ́ sínú àká pẹ̀lú àpilẹ̀kọ, kí ẹ sì fi ìwé-àṣẹ Creative Commons sára èyí tó bá jẹ́ tiyín, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un lò mọ̀ pé ẹ gbà á láàyè.

Dátà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ má kánjú gbé síta. Yíyọ orúkọ kúrò kò tó. Ní ọdún 2000, Latanya Sweeney, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi hàn pé ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà àdúgbò fún lẹ́tà tó láti dá nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ yàtọ̀. Nínú kíláàsì yín, bí ẹnìkan ṣoṣo bá ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yóò mọ máàkì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe láti ṣe é dáadáa: ní 2017, Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé dátà akẹ́kọ̀ọ́ 32,593 jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìṣọ́ra bo ìdánimọ̀ wọn, àwọn olùwádìí sì ń lò ó títí di òní. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ní fásitì yín ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ìyọ̀ǹda tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí ló máa pinnu rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ síbẹ̀ pé ẹ̀yin nìkan ni yóò rí i, ẹ̀yin nìkan náà ni kí ó mọ sí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dá jọ́nà yín lóhùn pé ẹ kò fẹ́ ètò olówó náà, kí ẹ sì mú fáìlì kejì àti ìwé àdéhùn lọ sí ilé-ìkówèésí yín. Bí ìwé àdéhùn bá ti sọnù, ẹ kọ̀wé béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ olóòtú. Ẹ̀tọ́ yín ni láti ní ẹ̀dà ohun tí ẹ fọwọ́ sí.