APN Kì í Ṣe Oògùn Dátà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi wà lókè òkun fún oṣù méjì. Mo ti ra eSIM arìnrìnàjò kan, síìmù tí kò ní páálí tí à ń kì bọ fóònù, kí a tó kúrò nílé, ó sì ti wọlé sínú fóònù mi. Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dáadáa, àmọ́ kò sí nǹkan kan tó ṣí. Mo ti pa Data Roaming, ìyẹn bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí síìmù lo dátà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àjèjì, bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń kìlọ̀. Ẹnì kan lórí Telegram wá ní òun ní APN pàtàkì kan, orúkọ kan tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ètò fóònù, tí òun ń tà. Ó ní tí mo bá fi sí fóònù, dátà á ṣiṣẹ́, á yára gan-an, màá sì lè fi hotspot pín in fún láptọ́ọ̀pù mi àti fóònù ọkọ mi láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀. Ṣé kí n rà á? Mo fi àwòrán QR tí mo fi gba eSIM náà sínú fóònù mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á.

Ẹ tan Data Roaming lórí eSIM yẹn. Lórí rẹ̀ nìkan ni mo wí o, ẹ má fọwọ́ kan ti síìmù ilé. Ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà báyìí tí mo ń gbà, ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ máa ń parí sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti yanjú níbẹ̀ lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ń wá owó tí yóò fi ra APN, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.

Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún yín nípa Data Roaming kò burú. Síìmù ilé ló ń bá wí, kì í ṣe eSIM tí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta eSIM arìnrìnàjò kò ní òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n ti ń ra síìmù ní olópò, tí wọ́n wá ń tà á fún ẹni tó ń lọ sí ibòmíràn. Gbogbo síìmù ló ní nọ́ńbà kan nínú, èyí tí ó yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè yín. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ló ń sọ orílẹ̀-èdè tó ni síìmù náà. 260 ni ti Poland, 208 ni ti Faransé, 262 ni ti Jámánì. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú ń kéde tirẹ̀. Bí eSIM yín bá ń jẹ́ 260, tí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń kéde 262, fóònù á gbà pé ẹ ti kúrò nílé. Ó sì ti kúrò nílé lóòótọ́: àlejò ni eSIM yín níbi tí ẹ wà, bí ẹ̀yin fúnra yín. Tí ẹ bá pa Data Roaming, ẹ ti fọwọ́ ara yín sọ fún fóònù pé kó má fún àlejò ní dátà. Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kún, nítorí pé òpó ti gbà á wọlé. Íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní sí.

Ní ti owó tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ ti san án ṣáájú. Nígbà tí dátà tí ẹ rà lórí eSIM bẹ́ẹ̀ bá tán, ó sábà máa ń dákẹ́ ni, kì í wọ inú gbèsè. Mo ní ó sábà máa ń dákẹ́. Ẹ ka àdéhùn tí ẹ̀yin rà kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Síìmù ilé tí wọ́n ń kówó rẹ̀ lẹ́yìn ìlò ni iná rẹ̀ máa ń jóni, pàápàá lórí ọkọ̀ ojú omi àti nínú ọkọ̀ òfuurufú tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ tó ń gba orí sátẹ́láìtì. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan á máa sọ pé roaming ti di ọ̀fẹ́ ní Yúróòpù. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2017 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòpin sí àfikún owó roaming. Síìmù tí wọ́n tà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin náà dé ló ń dáàbò bò, nígbà tí ó bá wà láàárín wọn. Síìmù tó ti ìta wá kò sí nínú rẹ̀.

Ó wá ku APN. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé àwọn tó ń tà á mọ̀ pé irọ́ ni.

APN ni orúkọ ẹnu ọ̀nà tí fóònù yín ń gbà jáde láti inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ lásán ni. Kò ní dátà nínú, kò ní ìyára nínú. Ẹni tó mọ orúkọ ilé kan kò tíì ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ́wọ́.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Nígbà tí fóònù yín bá dé abẹ́ òpó àjèjì, òpó náà á ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù pé, "Ṣé tiyín lẹni yìí?" Ilé-iṣẹ́ náà á fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó wà nínú síìmù dán an wò, á wá dáhùn pé tàwa ni, ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí nìyí. Nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni orúkọ APN tí síìmù náà láṣẹ láti lò wà, àti ìwọ̀n ìyára tí wọ́n fún un. Ilé-iṣẹ́ ló ni ìwé yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ sójú fóònù kò lè yí i padà. Tí ẹ bá tẹ APN tí wọn kò mọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dá a padà pẹ̀lú nọ́ńbà 27, tó túmọ̀ sí pé orúkọ yìí ṣàjèjì sí wa. Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí síìmù yín kò láṣẹ sí i, nọ́ńbà 33 ni: ìwọ kò san owó èyí. Fóònù kì í sábà fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí hàn yín, àwa tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ là ń rí wọn.

Ẹ óò bi mí pé, kí ló dé tí àwọn kan ń jẹ́rìí pé APN tí àwọn rà ṣiṣẹ́? Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò sì ṣòro láti mọ ìdí. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹ orúkọ tí kò tọ̀nà, wọn kì í lé yín. Wọ́n á rọra fi èyí tí síìmù yín láṣẹ sí rọ́pò rẹ̀. Nǹkan kejì ni pé ẹni tó ta APN máa ń sọ pé kí ẹ tan Data Roaming, kí ẹ sì pa fóònù kí ẹ tún un tàn lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i báyìí. Ohun tí mo sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ lókè ló tà fún yín, ó kàn wé ewé mọ́ ọn lára ni.

Ìyára ńkọ́? Ọ̀pọ̀ dátà roaming kì í bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ wà. Ó máa ń kọ́kọ́ padà sí orílẹ̀-èdè tó ni síìmù. Tí ẹ bá wà ní Tokyo pẹ̀lú síìmù Poland, ojú ìwé tí ẹ tẹ̀ lè lọ kí Poland kó tó wá bá yín. Ìdí nìyí tí nǹkan fi máa ń fà díẹ̀, tí ìkànnì kan á máa fi èdè tí ẹ kò gbọ́ kí yín, tí báńkì yín á sì máa fura. Àwọn eSIM kan wà tí ilé-iṣẹ́ wọn ti ṣètò ẹnu ọ̀nà sí tòsí, ìwọ̀nyí máa ń yára jù. Ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe ìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò lè fi orúkọ tí ẹ tẹ̀ gé ọ̀nà kúrú.

Tó bá jẹ́ owó nìkan ló bá a lọ, mi ò bá má pariwo. Àmọ́ àwọn mìíràn kì í ní kí ẹ tẹ APN, fáìlì ni wọ́n máa ń ní kí ẹ fi sórí iPhone, èyí tí wọ́n ń pè ní profile. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lè gbé ju APN lọ. Ó lè darí ohun tí ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì gba orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ó sì lè mú ìwé ẹ̀rí wá tí yóò mú kí fóònù yín gba ìkànnì ayédèrú gbọ́ bí ojúlówó. Lórí Android pẹ̀lú, tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ nǹkan sí àyè tí wọ́n ń pè ní Proxy nínú APN, tí kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù ló fún yín, ẹ sá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan dé láti ìrìnàjò, dátà síìmù ilé rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti pààrọ̀ síìmù, ó ti ń wá owó fóònù tuntun. Profile tí ẹnì kan bá a fi sí i lókè òkun ló ṣì jókòó sínú fóònù, tó ń fi APN tirẹ̀ bo ti ilé mọ́lẹ̀. A wọ Settings, General, VPN & Device Management, a yọ ọ́ dànù. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú kan.

Kí n má baà ṣe àṣejù: APN ní àsìkò tirẹ̀. Àwọn eSIM kan wà tí fóònù kì í dá APN wọn mọ̀, pàápàá lórí Android. Orúkọ tó tọ́ á wà nínú ìwé tí ẹni tó tà á fi ránṣẹ́ sí yín, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà gan-an, lẹ́tà kékeré ní lẹ́tà kékeré, láìsí àlàfo níparí. Àyè tí wọn kò bá dárúkọ, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo. Hotspot pẹ̀lú lè nílò rẹ̀. Lórí iPhone, APN tí hotspot ń lò ní àyè tirẹ̀, lábẹ́ àkọlé Personal Hotspot nísàlẹ̀ ojú ìwé APN kan náà. Tí dátà bá ń ṣiṣẹ́ tí Personal Hotspot kò ṣeé tẹ̀, ẹ kọ orúkọ APN yẹn síbẹ̀ pẹ̀lú. Lórí Android, ẹ wo àyè APN type. "default,supl,dun" ló sábà máa ń yanjú rẹ̀, dun yẹn ló ń ṣojú fún pípín dátà. Fóònù yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ ya àwòrán ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó yí i padà.

Pé ilé-iṣẹ́ kò ní mọ̀? Wọ́n lè mọ̀ dáadáa. Gbogbo ẹrù íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé nọ́ńbà kan dání. Ọ̀pọ̀ fóònù ń fi 64 bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà Windows ń fi 128. Ẹ̀rọ tó bá ta á látaré á yọ oókan nínú rẹ̀. Tí láptọ́ọ̀pù yín bá gba inú fóònù kọjá, 127 ló máa dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́, kò sì sí fóònù tó ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n fi ń mọ̀, èyí kan ti tó. Ọ̀pọ̀ eSIM ló fàyè gba hotspot ní gbangba, kò sídìí láti fi pa mọ́. Àwọn tí wọ́n ń pè ní "àìlópin" ni kí ẹ ṣọ́, nítorí àwọn mìíràn nínú wọn kò gbà á, tàbí kí wọ́n fi òté lé e. Ó wà nínú àdéhùn tí ẹ tẹ "mo gbà" sí láìkà á. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, mi ò sì ní kọ́ yín bí ẹ ó ṣe yẹra fún un.

Tí hotspot bá ti tàn, ìyàlẹ́nu tó kàn ni pé dátà á máa yọ́ bí iyọ̀ nínú omi. Ẹ má bú hotspot. Láptọ́ọ̀pù ló rò pé orí Wi-Fi ilé ni òun wà, ó wá ń kó àtúnṣe ètò wọlé, ó ń kó fọ́tò lọ sókè. Lórí Windows, ẹ tan Metered connection fún Wi-Fi yẹn. Lórí Mac àti iPhone, Low Data Mode ni. Tí fóònù ọkọ yín kò bá rí hotspot iPhone yín rárá, ẹ tan Maximize Compatibility. Yóò lọ sórí 2.4 GHz, ìgbì Wi-Fi tí fóònù àtijọ́ mọ̀. Fún láptọ́ọ̀pù, wáyà USB sàn ju Wi-Fi lọ, bátìrì yín á pẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé VPN, ètò tó ń bo ohun tí ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó wà lórí fóònù kì í sábà bo àwọn ẹ̀rọ tó ń gba hotspot lọ́wọ́ rẹ̀.

Síìmù ilé, ẹ fi sílẹ̀ ní títàn nítorí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí báńkì ń fi ránṣẹ́. Gbígba SMS sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹ bi ilé-iṣẹ́ yín. Data Roaming tirẹ̀ kó wà ní pípa. Lórí iPhone, ẹ pa Allow Cellular Data Switching pẹ̀lú, àbí bí eSIM bá rẹ̀ díẹ̀, fóònù lè fo lọ sórí síìmù ilé láìbi yín. Àwọn Android kan ní irú rẹ̀. WhatsApp yín kò ní yí padà, nọ́ńbà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ló ń lò.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ta eSIM, ẹ sọ irú fóònù tó jẹ́ àti orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó hàn lójú rẹ̀. Ẹ má ṣe pa eSIM náà rẹ́ pé ẹ fẹ́ tún un fi sí i. Ọ̀pọ̀ QR ni kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwòrán QR tí ẹ fi mọ́ lẹ́tà, mo ti pa á rẹ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kọ́kọ́rọ́ eSIM yín ni, kò yẹ kí ẹlòmíràn rí i. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni orí Telegram, ẹ sọ fún ẹni tó tà á fún yín lónìí kó fún yín ní òmíràn.