Obìnrin 60 lábẹ́ agboòrùn: ṣé wọ́n lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo Ẹ̀pẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ni mo wà, ọdún kejì. Nítorí pírójẹ́ẹ̀tì mi, mo gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá lọ sí ọjà ẹja Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́. Mo jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ máa bọ̀. Obìnrin 60 ló wá. Ìfúnpá àwọn 24 wọ 140/90 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá kọ ọ́ pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé èéfín ẹja yíyan ló fà á, torí àwọn tó ń yan ẹja ló pọ̀ jù nínú 24 yẹn. Ọ̀gá mi fi bírò pupa fagi lé e, ó ní kí n lọ wá èèyàn sí i. Ẹni mélòó ló máa tó, mà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, iye èèyàn kọ́ ni wàhálà rẹ àkọ́kọ́. Òun ni àwa olùkọ́ máa ń tètè béèrè, torí ó rọrùn láti kà.

Ta ló ń dìde wá sábẹ́ agboòrùn aláyẹ̀wò? Ẹni tí orí ń fọ́ ni, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá rẹ̀ rí, ẹni tí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí oníbàárà dúró dè, kò ní dá ọ lóhùn. Ẹni tí àìsàn ti dá dúbúlẹ̀ nílé kò tiẹ̀ débẹ̀. O sáà mọ bí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń to apẹ̀rẹ̀: ẹja ńlá lókè, wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Bí o bá rí 600 lábẹ́ agboòrùn yẹn, ẹja òkè apẹ̀rẹ̀ náà ni, ó kàn pọ̀ sí i ni. Èmi náà ti ṣe é rí: mo lọ bi àwọn ìyá tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ bóyá wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Gbogbo wọn ní àwọn ń gbà á. Inú mi sì dùn o!

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Yí gbogbo ọjà ká, fún ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ká ní wọ́n jẹ́ 1,200, 60 lo sì fẹ́: ọ̀kan nínú ogún nìyẹn. Kọ 1 dé 20 sórí ìwé pélébé, ká a, kí ẹlòmíràn fa ẹyọ kan. Bó bá fa 7, ìsọ̀ 7 lo ti máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 27, 47, títí lọ. Bí ìyá tó ni ìsọ̀ kò bá sí níbẹ̀, padà lọ́jọ́ kejì. Má ṣe yà sọ́dọ̀ ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ torí pé òun ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Síbẹ̀, àwọn ẹlẹ́ja Olúwo nìkan lo lè sọ̀rọ̀ wọn. Tíṣà àti aránṣọ náà wà l'Ẹ̀pẹ́.

Ìgbà yìí ni iye wá kàn. Bí o bá mú 60 lọ́nà yìí, tó o tún rí 24, iye tòótọ́ fún ọjà náà lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 28 sí 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàfo yẹn fẹ̀. Bí o bá fẹ́ kó dín sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin èèyàn lo nílò, bí i 240.

Ti èéfín ńkọ́? Àwọn 24 nìkan lo wò. O gbàgbé 36 yòókù. Ká ní 45 nínú 60 ló ń yan ẹja, tí ìfúnpá 18 nínú wọn ga. 15 yòókù kì í yan, ìfúnpá 6 nínú wọn ga. Òótọ́ ni pé ayanja ló pọ̀ nínú 24. Ṣùgbọ́n ṣírò rẹ̀: 18 nínú 45 jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, 6 nínú 15 náà jẹ́ 40. Èéfín ò mú ìyàtọ̀ kankan wá. Nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow kò ka òkú nìkan. Ó tún béèrè nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìpọntí kan lẹ́bàá ẹ̀rọ omi tó ń fura sí, tí kọ́lẹ́rà ò pa ìkankan nínú wọn: ọtí ni wọ́n ń mu, wọn kì í pọn omi ibẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá tiẹ̀ wà láàárín àwọn tìrẹ, béèrè ọjọ́ orí kó o tó dá èéfín lẹ́bi. Bó bá jẹ́ àwọn àgbà ló ń yan ẹja, ọjọ́ orí lè ti gbé ìfúnpá wọn ga.

Ó ku ẹ̀rọ rẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ nínú oòrùn, ìfúnpá rẹ̀ lè ga. Jẹ́ kó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, má sì pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru títí wàá fi tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí yóò ṣì ga.

Bí àyè ò bá sí láti padà sọ́jà, má da 60 rẹ nù. Yọ èéfín kúrò, kó o sì kọ ọ́ báyìí: “Nínú obìnrin 60 tó fúnra wọn wá fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ọjà Olúwo, ìfúnpá àwọn 24 jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí a wọ̀n ọ́n.” Ọ̀gá rẹ ò ní rí ibi fi bírò pupa sí.