Ìbéèrè Yín Lórí Dulcimer Àwọn Ará Òkè

Lẹ́tà tí a rí gbà lóṣù yìí dá lórí dulcimer àwọn ará òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà, ohun èlò olókùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan ta.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. DAD ni mo yí okùn mi sí (ohùn D, A àti D, okùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀). Tí mo bá fi okùn orin, èyí tó sún mọ́ ikùn mi jù, ṣe dò láìtẹ̀ ẹ́, ohùn ń gòkè dáadáa, àfi tí mo bá dé tí. Ó máa ń rẹlẹ̀. Ṣé ẹni tó ṣe é ṣi fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú pákó, tí a ń tẹ okùn mọ́) gbé ni?

Ìdáhùn: Kò ṣì í gbé. Fret dulcimer kì í ṣe bíi ti gìtá tó ní gbogbo ìdajì ohùn. Ohùn méje péré ni wọ́n gbé síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi súnmọ́ra tí àwọn mìíràn sì jìnnà. Lórí okùn D, C ni fret 6 ń mú jáde, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi D ṣe dò nílò C tó fi ìdajì ga sí i. Orí fret 3 ni dò-rè-mí ti ń bẹ̀rẹ̀ láìní àléébù.

Ẹ lè ní kí oníṣẹ́ fi fret 6½ kún un láàárín 6 àti 7. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun ti ní in. Èyí tí kò ná yín ní nǹkan kan, tí àwa fẹ́ràn jù, ni kí ẹ dẹ okùn orin sílẹ̀ sí A. DAA nìyẹn. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ dò ní fret 3.

Láti orí okùn tó nípọn jù, tó jìnnà sí ikùn yín, la ti ń ka orúkọ wọ̀nyí. Ẹ kọ́kọ́ yí ìyẹn sí D. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní fret 4, kí ẹ sì mú okùn àárín bá a dọ́gba: A nìyẹn. Fún DAA, okùn orin bá àárín mu. Fún DAD, ẹ tẹ okùn àárín ní fret 3, kí ẹ fi okùn orin bá a. Fún orin tó ń dún bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ gbìyànjú DAC: ẹ tẹ okùn tó nípọn ní fret 6 láti rí C, kí ẹ fi okùn orin bá a, kí orin yín sì fi fret 1 ṣe ilé, ibi tó ń padà sí.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kàn án fúnra mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí fret kọ̀ọ̀kan ń lọ?

Ìdáhùn: Gígùn okùn tó ń gbọ̀n ló ń pinnu rẹ̀, láti agbókùn orí (igi tín-ín-rín tó gbé okùn sókè lápá èèkàn) dé agbókùn ìdí, irú rẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì. Bó bá jẹ́ 700 mm, ibi tí wọ́n ń lọ láti agbókùn orí rèé: fret 1 ní 76.4, 2 ní 144.4, 3 ní 175.6; 4 ní 232.8, 5 ní 283.8, 6 ní 307.1; 6½ ní 329.2, 7 ní 350. Láti 8 sókè, ẹ pín iye fret tó wà ní ipò méje sẹ́yìn sí méjì, kí ẹ fi 350 kún un. Fret 8 yóò jẹ́ 388.2. Bí gígùn tiyín bá jẹ́ 650, ẹ sọ iye kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 650, kí ẹ pín in sí 700.

Láti agbókùn orí ni kí ẹ ti máa wọn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń wọn láti fret kan sí èkejì ń kó àṣìṣe jọ ni. Ẹ má sì lẹ agbókùn ìdí mọ́lẹ̀ kíákíá, torí títẹ̀ okùn máa ń fà á ga díẹ̀, ó sì sábà máa ń gba kí agbókùn náà sún sẹ́yìn ní 2 sí 3 mm. Ẹ fọwọ́ kan okùn lókè fret 7 láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ta á, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Bí ìkejì bá ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ sún agbókùn sẹ́yìn. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ sún un síwájú.

Ìrísí ara rẹ̀ kì í da ohùn rú tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Onírísí agogo iyanrìn ni J. Edward Thomas ń ṣe ní Knott County, Kentucky, láti 1871. Onírísí omijé náà wà. Sísanra pákó òkè ló ṣe pàtàkì: nǹkan bí 3 mm.

Ìbéèrè: Okùn mi ń dún gbọ̀nrìngbọ̀nrìn.

Ìdáhùn: Níbo? Bó bá jẹ́ nígbà tí ẹ kò tẹ okùn nìkan, ihò agbókùn orí ti jìn jù. Ẹ fi bébà kékeré sábẹ́ okùn títí ẹ ó fi pààrọ̀ agbókùn. Bó bá jẹ́ fret kan ṣoṣo, fret tó tẹ̀ lé e lápá ìdí ló ga jù. Bó bá jẹ́ ibi gbogbo, agbókùn ìdí kúrú, tàbí gbígbẹ afẹ́fẹ́ ti tẹ igi. Ní Amẹ́ríkà, owó ẹyọ sẹ́ǹtì márùn-ún, tó nípọn tó 1.95 mm, ni wọ́n ń fi sórí fret 7 láti wo bí okùn ṣe ga tó. Kó kàn kan okùn lábẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé ìka ni mo máa fi tẹ̀ ẹ́ ni, àbí igi?

Ìdáhùn: Ọ̀nà àtijọ́ ni igi: líle, gígùn bí 8 sí 10 cm, tí ẹ ń fi tẹ okùn orin nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì fret, tí àwọn okùn yòókù ń kùn lábẹ́ láìyí padà. Àtàǹpàkò lórí, ìka ìfábẹ̀lá ní ẹ̀gbẹ́ pákó kó máa tọ́ ọ. Tí okùn orin bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kan sì ń dún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́fun, igi yín ló fì sápá kan. Ìka ni kí ẹ lò fún DAD, bí ẹ bá fẹ́ tẹ okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún máa ń ta okùn ní ibi tí wọ́n gbẹ́ wọlẹ̀ nítòsí agbókùn ìdí. Òkè fret kò dára, tori yóò há ike tí ẹ fi ń ta á.