Kọ́kọ́rọ́ wà ní Leeds, Màmá wà ní BQ

Ojú ìwé mẹ́rin ni lẹ́tà rẹ. Mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú rẹ̀ ló lọ sórí iná, epo, ààbò, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn, àti bóyá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbára lé UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn. Ìgbà tí o fẹ́ pa bírò dé ni o wá ju gbólóhùn mélòó kan sílẹ̀, bí ẹni tó ń gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ. N ó kọ wọ́n síbí bí o ṣe kọ wọ́n:

“Màmá wà dáadáa. Inú BQ ni wọ́n ń gbé kí ohun inú ilé má baà bàjẹ́ kí á tó dé, wọn ò sì ṣàròyé rí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ńlá wà lọ́wọ́ mi níbí. Wọ́n yọ̀ ṣubú díẹ̀ lóru ọjọ́ kan nínú oṣù keje nítorí òjò, ṣùgbọ́n ara ti yá.”

Kí ọ̀rọ̀ lè yé àwọn tó ń kà á: BQ ni yàrá kéékèèké tí wọ́n ń kọ́ sẹ́yìn ilé ńlá. Ẹni ọdún 52 ni arákùnrin tó kọ lẹ́tà yìí. Ó ti lo ọdún 17 ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà sí Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ó parí rẹ̀ ní 2021, ó fi sólà sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni ọdún 78 ni màmá rẹ̀. Ó ń béèrè pé ṣé kí òun àti ìyàwó òun kó ẹrù bọ̀ nílé ní Dìsẹ́ńbà ọdún tó ń bọ̀, àbí kí àwọn ní sùúrù di ìgbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá jáde.

Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ wàyí. O pè mí ní Mummy nínú lẹ́tà, nítorí náà, n ò ní pè ọ́ ní “ẹ”.

Òjò kì í wọ yàrá wá ti ènìyàn ṣubú. Bí òjò bá mú obìnrin ẹni ọdún 78 lóru, ìta ló wà. Kí ni màmá rẹ ń wá níta lóru? Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Mo mọ àwọn BQ tí ẹ ń kọ́ sí Akóbọ̀: yàrá méjì lẹ́yìn ilé, tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ní ìgun tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú síta, sìmẹ́ǹtì gbalasa láàárín wọn tí í máa yọ̀ bí ilá bí òjò bá ti rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Arúgbó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nínú ilé ńlá, tí o ka ohun inú rẹ̀ fún mi bí ẹni fẹ́ tà á, tọ́ílẹ́ẹ̀tì márùn-ún ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì jókòó lé ọ̀kankan.

O tún ní “díẹ̀”. Wọ́n ṣubú díẹ̀. Ta ní ń ṣubú díẹ̀ ní ọdún 78? Bí arúgbó bá ṣubú níbi iṣẹ́ rẹ ní Leeds, ṣé ẹ kì í kọ ọ́ sínú ìwé ni? Ṣé ẹ kì í pe ọmọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́? Ta ló pe ìwọ? Ọjọ́ kélòó lo tó gbọ́? O ò sọ ẹni tó gbé wọn dìde. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo yìí: ta ló gbé wọn dìde?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹni tó ń yí ìyá oníyàá padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, kò yẹ kí n máa kọ́ ọ ní ìtọ́jú àgbà. Síbẹ̀, mò ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ sólà náà wà níbẹ̀. O sọ iye tí o ra ínfátà, o sọ iye bátìrì. O ò sọ bóyá wáyà dé BQ. Mo gbà pé kò dé, torí tó bá dé ni, wàá ti fi ṣe fọ́ńté. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni oòrùn Ìbàdàn ń gun òrùlé rẹ, bátìrì ń kún, ó ń fi iná fún fìríìjì òfìfo àti àwọn gílóòbù tó yí fẹ́ǹsì ká. Ìwọ ń bi mí bóyá iná ti dára. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn á máa pẹ́ jù lójúmọ́, láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúnìtì kan. Látìgbà náà ni mo ti ń rí àwọn àgbà ní àdúgbò wa tí wọ́n ń pa fáànù láago mẹ́wàá alẹ́ kí yúnìtì má baà tán, wọ́n á wá ṣí fèrèsé fún ẹ̀fọn. Bóyá màmá rẹ wà lára wọn, pẹ̀lú sólà olówó iyebíye ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí wọ́n ń sùn.

“Wọn ò ṣàròyé rí.” Ìyá wo ló máa ṣàròyé lórí fóònù fún ọmọ tó ń pè lọ́jọ́ Sunday, tí ìyàwó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń juwọ́? Àṣìṣe ni kéèyàn gbọ́ “a wà pa, ọmọ mi” kó rò pé ìròyìn ni. Bi mí ní ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí wọn, ibo ni wọ́n ń jókòó? Pálọ̀ wà ní títì. Ìta ni wọ́n máa wà, lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n á tọ́ka sí òkè, wọ́n á ní, “Ọmọ mi ló ni ín, ó ń bọ̀ láìpẹ́.” Láti 2021 ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

O tilẹ̀ fi òwe ṣí lẹ́tà: ilé làbọ̀ sinmi oko. Ilé wo? Èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ní Leeds?

Kí ẹ tilẹ̀ gbọ́ orúkọ tí ẹ ń pe BQ yẹn: Boys’ Quarters. Nígbà tí òyìnbó amúnisìn kọ́ ilé sí Jẹ́ríkọ̀ àti Àgọ́dì, wọ́n kọ́ yàrá kótópó sẹ́yìn fún kúùkù àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ọkùnrin tó dàgbà tó bàbá wọn ni, “boy” ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń fi í sí. Nínú agbo ilé tí wọ́n bí àwa sí, àgbà ló ni yàrá tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tó ti lè rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ọmọ kékeré ló ń sùn síbi tó bá rí. Ìran wo la ti wá kọ́ èyí?

Kì í ṣe ìwọ nìkan, n ò ní purọ́ mọ́ ọ. Ẹni tó bá rìn gba Akóbọ̀, Ẹlẹ́bu, tàbí Olúyọ̀lé Extension lálẹ́, á rí wọn: iná yí ilé ká, inú ṣókùnkùn, àtùpà kan péré ló ń tàn lẹ́yìnkùlé. Irú lẹ́tà rẹ ni mo sì ń gbà jù. Àwọn tó ń kọ ọ́ máa ń bi mí bóyá Nàìjíríà ti ṣe é gbé. Ìyá wọn ti ń gbé e.

Má rò pé orí òkè ni mo dúró sí bá ọ wí. Èmi náà gbé London fún ọdún 19. Ní 2001, mo ra bẹ́ẹ̀dì onígi ńlá kan, tìmùtìmù rẹ̀ ga tó orúnkún mi. Mo fi í sínú kọ̀nténà, ó gba Àpápá dé ilé wa ní Òkè-Àdó. Inú màmá mi dùn débi pé wọ́n kọrin fún mi lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ má tíì tú ọ̀rá rẹ̀ o, eruku ibẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dé ká jọ tú u.” Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì onírin wọn àtijọ́, nínú yàrá kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì ní 2003, ìgbéyàwó ló gbé mi wá. Aṣọ ẹbí ni mò ń sáré rẹ̀ kiri. N ò rántí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n kú ní 2006. Nígbà tí a fẹ́ tẹ́ wọn sílẹ̀, àbúrò wọn obìnrin ní orí bẹ́ẹ̀dì tó dára jù nínú ilé ni kí á tẹ́ ẹ̀gbọ́n òun sí. A wá sísọ́ọ̀sì, a ò rí i. Eyín ni ìyá àgbà yẹn fi já ọ̀rá ní ìgun kan, ó wá fà á ya láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀rá náà ń pariwo bí páànù tí ìjì ń ṣí. Ọ̀rá ti di pupa rúsúrúsú, ó ti lẹ̀ mọ́ igi níbì kan. Tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ funfun báláú.

Mo padà wálé ní 2008. Kì í ṣe nítorí bẹ́ẹ̀dì o, orúnkún mi ni kò gba òtútù mọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹnì kan bá ń ya ọ̀rá nítòsí mi, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Ó dáa, ìbéèrè rẹ. Ìwọ ti gba páálí, ìyẹn ìwé ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, abala 28 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 sì gbà kí ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà ní ìwé ìlú mìíràn pẹ̀lú, nítorí náà kò sí ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìyàwó rẹ ló yẹ kó ṣọ́ra. “Indefinite” nìkan ló ní, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke. Bó bá kúrò níbẹ̀ ju ọdún 2 gbáko lọ láìpadà, ó lọ nìyẹn. Kó gba páálí tiẹ̀ kó tó di ẹrù. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ọdún 10 tí èèyàn fi san National Insurance, owó tí ìjọba ibẹ̀ ń yọ lára owó oṣù, ló kéré jù, 35 ló ń mú un pé. Bí o bá ti ń san án láti ọdún 17 yìí, ó ti kọjá èyí tó kéré jù. Ọdún 67 ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Wọ́n á san án fún ọ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Iye tí o bá bá wọlé ni wàá máa bá yí. Ẹ̀rù ọ̀nà Èkó ń bà ọ́? Ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Mọ́níyà n'Ìbàdàn láti 2021, wọ ìyẹn. UCH ti ń gba aláìsàn láti 1957, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà fún ẹni tó bá lówó ẹ̀. Àwọn dókítà ni kò pọ̀ tó mọ́. Bi àwọn tó wà ní Leeds.

Ní ti Dìsẹ́ńbà, o ò ní bọ̀. Mo mọ̀, ìwọ náà mọ̀. O sọ fún mi pé ọmọ rẹ kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì, pé ìyàwó rẹ ò tíì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Kò burú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ bí o bá dúró síbẹ̀ ọdún mẹ́wàá sí i, a ò ní fi ọ́ pe ọmọ burúkú. Ilé tó ń retí ọ ni kò lè máa retí mọ́, nígbà tí ẹni tó nílò rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Má sì sọ fún mi pé ìyàwó ló ni àga. Mo ti ka ọ̀rọ̀ àga pálọ̀ tó ti Turkey wá nínú lẹ́tà rẹ. Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Nítorí náà, má fi kọ́kọ́rọ́ yẹn rán ẹnikẹ́ni. Kó tó dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti kọjá, òjò á sì ti rọ̀. Pe káfíńtà kan ní Akóbọ̀ lónìí kó já ilẹ̀kùn, kó fi àgádágodo tuntun sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, kó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé màmá lọ́wọ́. Kí o má ní ọ̀kankan. Yàrá ìsàlẹ̀ tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ ni kí wọ́n mú, kí ẹnì kan de irin mọ́ ògiri níbi tí wọ́n máa ti dìde. O mọ irú irin tí mò ń sọ, ó wà káàkiri ibi iṣẹ́ rẹ.

Wọ́n á kọ̀. Wọ́n á ní BQ ti mọ́ àwọn lára, pé kí o jẹ́ kí ilé rẹ wà ní mímọ́ dè ọ́. Má gbà. Ní kí wọ́n kàn wọlé jókòó ná, kí wọ́n jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo ní pálọ̀. Kí ẹnì kan sì tú ọ̀rá orí àga kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀.