Abẹ Ni Wọ́n Fi Mú Àtọ̀ Jáde: Ṣé Ìwẹ̀ Jánábà Di Dandan?

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékùm, Ààfáà. Ó ti pé ọdún 9 tí wọ́n ti so yìgì wa, ọmọ ò tíì dé. Àyẹ̀wò ní kò sí àtọ̀ kankan nínú omi ara mi. Dókítà fẹ́ la kórópọ̀n mi díẹ̀, bóyá wọ́n á rí àtọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n á fi sínú ẹyin ìyàwó mi. Ààfáà àdúgbò wa ní ọmọ bẹ́ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ọmọ sìná, àti pé bí mi ò bá wẹ ìwẹ̀ jánábà, ìyẹn ìwẹ̀ ìmọ́ra tí èèyàn ń wẹ̀ bí àtọ̀ bá jáde, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ìrun mi ò gún. Ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Wàáléékúmú sàláàm, àbúrò mi. Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere tù yín lójú.

Ọmọ sìná kẹ̀? Ta ló ṣe sìná náà, ìyàwó rẹ ni àbí dókítà? Kí ẹni tó sọ ọ́ ka Súrà An-Nur, áyà 4, kó rí iye kòbókò tó wà fún ẹni tó fẹ̀sùn sìná kan obìnrin tí kò mú ẹlẹ́rìí 4 wá. Àwọn onímọ̀ fíkì, ìyẹn òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amman, olú ìlú Jọ́dánì, lọ́dún 1986. Wọ́n gbà á láàyè bí àtọ̀ bá jẹ́ ti ọkọ, tí ẹyin jẹ́ ti ìyàwó, tó sì jẹ́ inú ìyàwó náà ni oyún máa wà. Àtọ̀ ọkùnrin mìíràn ni hàrámù, bó ti wù kí wọ́n fi bẹ̀ ọ́ tó.

Ó wá ku ìwẹ̀. Hàdíìsì “omi fún omi”, ìyẹn pé kéèyàn fi omi wẹ̀ bí omi àtọ̀ bá jáde, ni àwọn tó ní o gbọ́dọ̀ wẹ̀ ń gbé kiri. Òótọ́ ni hàdíìsì náà, àmọ́ omi wo? Lọ́dọ̀ àwa tó ń tẹ̀lé ìlànà òfin Ímáámù Màlíkì, omi tó bá tú jáde pẹ̀lú adùn ló ń sọ ìwẹ̀ di dandan. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún Áliyù pé bí omi bá tú jáde kó wẹ̀. Ìwọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fún ọ lóògùn, wọ́n gé ẹran bíńtín. Inú ẹran yẹn ni wọ́n ti ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá àtọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò. Omi wo ló tú? Adùn dà? Kò sí ìwẹ̀ lọ́rùn rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ojú abẹ pàápàá kì í ba àlùwàlá jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Oorun oògùn ló ń bà á jẹ́, nítorí náà tún un ṣe bí o bá jí. Omi tí o fi ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, tó jáde pẹ̀lú adùn, ìyẹn nìkan ló ní ìwẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi àtọ̀ tó ṣẹ́kù pamọ́ sínú òtútù tó ń mú nǹkan dì, rí i pé orúkọ rẹ wà lára rẹ̀. Kí o sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dà á nù lọ́jọ́ tí yìgì bá tú tàbí tí o bá kú.