Ìbéèrè àti ìdáhùn: mò ń dá kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà fúnra mi, kí ni mo máa ṣe tọ́wọ́ mi á fi mọ́ ọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gá wa. Òǹdó ni mo wà, mo ra máṣíìnì ìjórin inverter kékeré kan, mi ò ní ọ̀gá, fídíò ni mo fi ń kọ́ ọ. Electrode, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ́ tá a fi ń jó irin, máa ń lẹ̀ mọ́ irin, ojú ibi tí mo jó á wá rí ṣágiṣàgi, tó bá sì jẹ́ square pipe ṣe ló máa ń dá ihò lu. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Pé o ò lọ́gàá kò ní kó o má mọ̀ ọ́n o, ìṣòro tó wà níbẹ̀ ò ju pé kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí nígbà tó o bá jó irin tójú ẹ̀ dáa àmọ́ tí inú ò mú. Ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù l'Arákalẹ̀ l'Ákùúrẹ́ níbí, ọ̀gá ẹ̀ á fi hámà gbá a já níwájú ẹ̀ ni. Ìwọ fúnra ẹ lo máa máa fọ́ tìẹ.

Fi square pipe sílẹ̀ ná, ó ti fẹ́lẹ́ jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Lọ ra àjákù irin pẹlẹbẹ lọ́dọ̀ àwọn onísikírápù, èyí tó nípọn tó mílímítà 5 tàbí 6, ha ìpẹtà àti ọ̀dà ara ẹ̀ kúrò, ha ibi tí áàtì, wáyà ẹlẹ́nu tó ń di irin mú yẹn, máa dì mú náà, torí áàtì tó bá di ìpẹtà mú wà lára ohun tó ń jẹ́ kí electrode lẹ̀. Electrode gauge 12 ni kó o lò, ìyẹn mílímítà 2.5, irú èyí tí wọ́n kọ E6013 sí lára, gbé ámpù, ìyẹn bí iná máṣíìnì ṣe máa pọ̀ tó, sí 75, tó bá ṣì ń lẹ̀ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé 90. Lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá ń lo iná tí gílóòbù ń pọ́n, ámpù tó o lò lọ́sàn-án lè má tó mọ́, má rò pé ọwọ́ ẹ ló bàjẹ́.

Ní ti ojú, má wo ìmọ́lẹ̀, irin tó yọ́ tó ń dán lábẹ́ ẹnu electrode ni kó o máa wò. Ìdàrọ́, èépá tó máa ń bo ojú ibi tá a jó yẹn, ó dúdú ju irin tó yọ́ yẹn lọ, ẹ̀yìn ló sì yẹ kó wà, tó bá ti ń sáré ṣíwájú, o ti rọra jù tàbí ámpù kéré, á há sínú. Àlàfo àárín electrode àti irin ò gbọ́dọ̀ ju bí electrode ṣe nípọn lọ, bó sì ṣe ń jó ló ń kúrú, torí náà ọwọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, ibí yìí gan-an ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Fi ìgúnpá ti nǹkan kí ọwọ́ ẹ má bàa gbọ̀n. Jẹ́ kí orí electrode tẹ̀ díẹ̀ síbi tó ò ń lọ, kó o máa wọ́ ọ, má tì í.

Tí ojú ẹ̀ bá ti ń dọ́gba, gbé irin kan dúró lórí ìkejì, jó ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, jẹ́ kó tutù, kó o wá fi hámà ńlá gbá a láti ẹ̀gbẹ́ tó ò jó kó lè wó lé ibi tó o jó. Tó bá já, wo inú ẹ̀ dáadáa: tí etí irin bá ṣì mú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, iná ò wọlé, gbé ámpù sókè, tó bá jẹ́ ìdàrọ́ lo rí tàbí ihò wẹ́wẹ́, ọwọ́ ẹ tàbí ìdọ̀tí ara irin ni. Tún un ṣe títí tó fi máa tẹ̀ láì já.

Ẹ̀yìn ìyẹn lo tó lè padà sí square pipe, ámpù 50 sí 60, jó díẹ̀, dúró kó tutù, jó díẹ̀.

Jọ̀ọ́, gíláàsì dúdú àwọn wẹ́dà, nọ́ńbà 10 tàbí 11, ni kó o fi bojú, kì í ṣe gíláàsì oòrùn, torí tí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ba ojú jẹ́, kì í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀, ó di òru. Irin gálífánáísì, ìyẹn irin tí wọ́n fi síńkì bò, fi fáìlì ha funfun ara ẹ̀ kúrò kó o tó jó o, èéfín ẹ̀ máa ń fa ibà.

Tí wọ́n bá wá gbé iṣẹ́ stand tánkì omi wá fún ẹ báyìí, má gbà á. Omi lítà 1,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, àwọn ọmọdé á sì máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.